NBE3U, English First Peoples: Àlàyé fún Òbí Lórí Lítíréṣọ̀ Ọmọ Ìbílẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Kánádà

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Toronto dìbò pé kọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọmọ kíláàsì kọkànlá ń ṣe bọ̀ látẹ̀yìnwá yóò yí padà. Èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ dá lórí ohun tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà fúnra wọn kọ. Ní ìpínlẹ̀ British Columbia, àwọn tó jáde ní sáà 2023/2024 ni àkọ́kọ́ tí òfin mú pé wọn kò ní gba ìwé-ẹ̀rí girama àfi tí wọ́n bá ṣe kọ́ọ̀sì kan tó dá lórí àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kò ti tán lẹ́nu àwa Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Kánádà. Ṣé wọ́n ti gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni? Ṣé yunifásítì yóò ka kọ́ọ̀sì yìí sí? Kí ló kan ọmọ tí kò tíì pẹ́ tó dé nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ilẹ̀ yìí?

Méjì àkọ́kọ́ rọrùn láti dáhùn. Ẹ̀kẹta ló gba àlàyé, torí a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń pè ní ìtàn, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, àti bí wọ́n ṣe fẹ́ kí àlejò gbọ́ ọ.

## Ta ni wọ́n ń pè ní ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà?

Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ni. Òfin ìpìlẹ̀ Kánádà ti ọdún 1982, ní abala 35, pín wọn sí mẹ́ta. First Nations ló pọ̀ jù. Inú wọn ni àwọn Cree, Anishinaabe, Haudenosaunee, Mi'kmaq, Haida àti ọ̀pọ̀ mìíràn wà, àwùjọ tí ìjọba sì mọ̀ nínú wọn lé ní 600. Inuit ni àwọn ará òkè àríwá, níbi tí ilẹ̀ ti tutù débi pé igi kì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Àwọn Métis ṣẹ̀ láti ara àwọn obìnrin ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn ọkùnrin òyìnbó tó ń ṣòwò awọ ẹranko, wọ́n sì di ẹ̀yà kan gédégédé tó ní èdè, orin àti ìtàn tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí òbí rẹ̀ kan jẹ́ òyìnbó, tí ìkejì sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, ló jẹ́ Métis.

Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8, ìyẹn èèyàn 5 nínú 100 ní Kánádà. Èdè wọn lé ní 70. Nítorí náà, lítíréṣọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ kì í ṣe lítíréṣọ̀ kan ṣoṣo. Ìwé tí obìnrin Inuit kọ nípa ọdẹ lórí òkun dídì àti ewì tí ọmọ Cree tí wọ́n bí sí àárín ìgboro Winnipeg kọ lè jìnnà síra bí ìlú méjì tí kò bára wọn pààlà.

Orúkọ kan máa ń da àwọn èèyàn wa láàmú, ìyẹn "Indian." Kì í ṣe àwọn ará Íńdíà. Orúkọ tí àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ ṣì pè ni, ó sì wà nínú òfin títí dòní, torí òfin Indian Act tí wọ́n ṣe lọ́dún 1876 kò tíì kúrò nílẹ̀. Ọmọ yín máa rí i nínú ìwé àtijọ́, àmọ́ kó má fi pe èèyàn. Orúkọ ẹ̀yà ẹni náà gan-an ló dára jù. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kó lo Indigenous.

## Ṣé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ á ka ìwé, á tú u palẹ̀, á kọ àròkọ, á gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, olùkọ́ á sì wo bó ṣe to gbólóhùn rẹ̀. Ohun tó yí padà ni àwọn tó kọ ìwé tí wọ́n ń kà.

Ohun tó ń fa ìdàrúdàpọ̀ ni pé Kánádà kò ní mínísítà ètò-ẹ̀kọ́ kan tó ń pàṣẹ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ láti Vancouver ní British Columbia lè jẹ́ òótọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, kó má rí bẹ́ẹ̀ rárá ní Brampton ní Ontario.

Ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, orúkọ kọ́ọ̀sì náà gùn: English: Understanding Contemporary First Nations, Métis, and Inuit Voices. Àmì rẹ̀ lórí ìwé èsì ni NBE. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu, ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín fi lè ṣe é kí ọmọ tiyín ní ìlú kejì má ṣe é. Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ gbà á ní dípò Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì kọkànlá láìsí àbùkù kankan. Ẹni tó bá yege nínú NBE3U lè bọ́ sínú ENG4U, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì kejìlá, tààrà, ENG4U yìí sì ni àwọn yunifásítì ń béèrè. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ fojú sí: U ni ti ẹni tó ń lọ yunifásítì, C ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, E sì ni ti ẹni tó fẹ́ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn tí wọ́n wá fi sí NBE3C ló yẹ kí òbí rẹ̀ sáré lọ bá olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó wà nínú NBE3U kò pàdánù ohunkóhun.

Ní British Columbia, English First Peoples ni wọ́n ń pè é. Ti kíláàsì kejìlá ti wà láti ọdún 2008, wọ́n sì ti fi ti kíláàsì kẹwàá àti ìkọkànlá kún un. Ní kíláàsì kọkànlá, ọmọ lè yan èyí tó so kíkà lítíréṣọ̀ pọ̀ mọ́ ìwé kíkọ, tàbí mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, tàbí mọ́ àwọn ohun ìgbéròyìnjáde ìgbàlódé. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀: kọ́ọ̀sì kan náà ń san gbèsè méjì. Ó ń kà fún Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, ó sì ń kà fún kírẹ́díìtì 4 tó jẹ mọ́ ọmọ ìbílẹ̀. Kírẹ́díìtì 80 tí ọmọ nílò láti jáde kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i.

## Kí ló dé tí ó fi di dandan báyìí?

Láti àwọn ọdún 1880 títí di ìparí àwọn ọdún 1990, ìjọba Kánádà ń sanwó, àwọn ìjọ Kristẹni ń darí, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ tó jìnnà sí òbí wọn. Nǹkan bí ọmọ 150,000 ló gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n ń gé irun rẹ̀, wọ́n ń yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kú síbẹ̀. Ẹni tó padà wálé sábà máa ń bá ìyá àgbà rẹ̀ nílé, kí wọ́n má sì gbọ́ èdè ara wọn mọ́.

Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2008, olórí ìjọba nígbà náà, Stephen Harper, tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà, tí wọ́n ń pè ní TRC, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún kan náà, ó gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu èèyàn tó lé ní 6,500, ó sì gbé ìpè 94 fún ìgbésẹ̀ síwájú Kánádà lọ́dún 2015. Ìkejìlélọ́gọ́ta nínú wọn ní kí ẹ̀kọ́ nípa àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn, nípa àwọn àdéhùn ilẹ̀, àti nípa ohun tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ti ṣe fún Kánádà, di dandan láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé kíláàsì kejìlá.

Ẹ kíyè sí i pé ìpè náà kò sọ pé inú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n ti ṣe é. Àwọn ìpínlẹ̀ àti ìgbìmọ̀ agbègbè ló gbé e débẹ̀, mo sì gbà pé wọ́n ṣe dáadáa. Nínú kíláàsì ìtàn, ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni ọmọ máa ń gbọ́. Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fúnra wọn ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń bínú, wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín, wọ́n ń jiyàn láàárín ara wọn.

## Kí ni wọ́n ń kà gan-an?

Ní British Columbia, ìgbìmọ̀ ètò-ẹ̀kọ́ àwọn First Nations, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FNESC, bá ìjọba fi ìlànà kan lélẹ̀: ohun tí ọmọ ìbílẹ̀ kọ, tàbí tí wọ́n bá ẹlòmíràn jọ ṣe, ni kíkà, ó gbọ́dọ̀ dá lórí ohun tó jẹ àwọn èèyàn náà lógún, ó sì yẹ kó gba ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ìtàn. Ìwé tí òyìnbó kọ nípa wọn kò wọlé, bó ti wù kó dùn tó. Ìlànà yìí le, ó sì yẹ kó le. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu ẹlòmíràn ni ayé fi ń gbọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìwé méjì, torí wọ́n fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gbòòrò tó hàn. Àkọ́kọ́ ni Sanaaq, tí Mitiarjuk Nappaaluk kọ. Inuit ni, láti Nunavik ní àríwá Québec, wọ́n bí i lọ́dún 1931. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn àlùfáà òyìnbó tó ń kọ́ èdè Inuktitut ní kó máa kọ gbólóhùn sílẹ̀ fún àwọn. Ó kọ ọ́ débi kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn èèyàn inú ìtàn sílẹ̀: opó kan, ọmọ rẹ̀, ẹbí rẹ̀, àti bí ayé wọn ṣe ń yí padà bí àwọn àlejò ṣe ń dé. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ Inuktitut ló fi kọ ọ́. Ìwé náà jáde ní èdè rẹ̀ lọ́dún 1984, ní Faransé lọ́dún 2002, kò sì dé èdè Gẹ̀ẹ́sì títí di 2014. Ọmọ tó bá kà á lónìí ń ka ohun tó fi nǹkan bí ọgọ́ta ọdún rìn kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Èkejì ni Halfbreed, ìtàn ìgbésí-ayé tí Maria Campbell, obìnrin Métis láti Saskatchewan, kọ lọ́dún 1973. Wọ́n ti ń kà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di pé, lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Simon Fraser rí ojú-ìwé méjì tí àwọn atẹ̀wé yọ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni bí ọlọ́pàá ṣe fipá bá a lò nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Ẹ̀dà tuntun jáde lọ́dún 2019 pẹ̀lú ojú-ìwé náà nípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé òbí kan lè ka èyí kí àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì kọkànlá tó bá mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn lè yọ ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu òǹkọ̀wé ti kọ́ ohun tí ìwé gírámà kankan kò lè kọ́ ọ.

Kì í ṣe ẹkún nìkan ló wà níbẹ̀ o. Ìtàn ẹ̀rù wà, ìtàn ìfẹ́ wà, ìtàn ayé tó ń bọ̀ wà, ìwé àwòrán wà, eré orí ìtàgé tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín wà. Lọ́rọ̀ tèmi, olùkọ́ tó bá fi ìwé ìbànújẹ́ mẹ́rin kún sáà kan kò tíì kọ́ lítíréṣọ̀ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Ọgbẹ́ wọn nìkan ló fi han ọmọ.

## Ṣé ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé náà jẹ́ lítíréṣọ̀?

Ibí ni ọmọ yín máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó lè yà yín lẹ́nu, pé àwọn ka ìgbànú tàbí àwọn ka òpó ní kíláàsì.

Kò purọ́. Àwọn Haudenosaunee máa ń to ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ìkarahun ṣe pọ̀ di ìgbànú tí wọ́n ń pè ní wampum, tó ń gbé àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mú un lọ́wọ́, á sì ka àdéhùn náà jáde látòkè délẹ̀. Àwọn Anishinaabe máa ń fín àmì sára èèpo igi birch. Àwọn ará etíkun ìwọ̀-oòrùn ń gbẹ́ òpó igi kedari tó ń sọ ìran ilé kan àti ẹ̀tọ́ tí ilé náà ní.

Ẹjọ́ kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ìjọba kò lè ṣàìkà sí. Àwọn Gitxsan àti Wet'suwet'en, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn British Columbia, gbé ìpínlẹ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́ lórí ilẹ̀ wọn tó fẹ̀ tó 58,000 kìlómítà níbùú-lóòró. Wọn kò ní ìwé ilẹ̀. Ohun tí wọ́n mú wá ni adaawk, ìtàn mímọ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan nínú àwọn Gitxsan ń tọ́jú, àti kungax, orin àwọn Wet'suwet'en tó ń so olóyè mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àgbà obìnrin kan kọ orin ilé rẹ̀ síwájú adájọ́. Lọ́dún 1991, adájọ́ náà kò ka àwọn ìtàn wọ̀nyí sí ẹ̀rí tó lè fìdí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ múlẹ̀. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1997, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà yí ìyẹn padà nínú ìdájọ́ Delgamuukw: ìtàn alohùn gbọ́dọ̀ gba àyè tó dọ́gba pẹ̀lú ti ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, ó sì ní kí wọ́n lọ gbọ́ ẹjọ́ náà lákọ̀tun.

Òbí tó bá rò pé orin àti ìtàn ẹnu rọrùn ju ìwé lọ, kó rántí pé inú irú orin bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Láti 1885 sí 1951 ni òfin Kánádà fi de potlatch, àpèjẹ ńlá tí àwọn ará etíkun ìwọ̀-oòrùn ti máa ń kọ orin wọ̀nyí, tí wọ́n sì ti ń fi orúkọ oyè lélẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá fi òfin de àpèjẹ náà mọ ohun tó ń ṣe.

## Ta ló ni ìtàn?

Èyí ló máa ń ṣòro jù fún àwọn ọmọ tó dàgbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti lè ṣàdàkọ ohunkóhun. Láàárín ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, ìtàn ní ẹni tó ni ín. Ilé kan ló ni adaawk rẹ̀, ilé mìíràn kò sì lè dìde sọ ọ́. Yorùbá ni yóò tètè lóye èyí, torí a mọ̀ pé oríkì orílẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo èèyàn: a kì í fi oríkì Olúfẹ̀ ki ọmọ Ìrẹsà, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣi èèyàn kì. Ìtàn mìíràn ní àkókò tirẹ̀. Àwọn Anishinaabe ní ìtàn mímọ́ tí wọn kì í sọ àfi nígbà òtútù, tí yìnyín bá wà nílẹ̀.

FNESC ní ìlànà mẹ́sàn-án lórí bí ẹ̀kọ́ ṣe ń rí lójú àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé ìmọ̀ kan wà tó jẹ́ mímọ́, tí a kì í pín àfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tàbí ní ibi tó yẹ. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá sọ pé kí ọmọ má tún ìtàn kan kọ lọ́nà tirẹ̀, kì í ṣe pé ó ń pa ọgbọ́n orí rẹ̀ kú. Ó ń kọ́ ọ láti béèrè kó tó mú.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan ẹni tó ń kọ. Ìjà ńlá ti ṣẹlẹ̀ ní Kánádà lórí àwọn òǹkọ̀wé tó gbajúmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìbílẹ̀, kí ìwádìí tó fi hàn pé ìran tí wọ́n ń pè ní tiwọn kò dúró. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti yọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kúrò. Bí ọmọ yín bá rí i pé ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn kò sí mọ́, ìdí lè jẹ́ èyí.

## Kí ni kí ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ léèrè?

Àìlera kọ́ọ̀sì yìí, lójú tèmi, kò sí nínú ìwé tí wọ́n yàn. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka òǹkọ̀wé ọmọ ìbílẹ̀ kankan nígbà tí àwọn fúnra wọn wà nílé-ẹ̀kọ́. Ẹ béèrè orúkọ ìwé tí wọ́n máa kà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àti ẹ̀yà tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ti wá. Olùkọ́ tó bá ní "ọmọ ìbílẹ̀ ṣáà ni" kò tíì múra. Ẹ béèrè bóyá àgbà kan láti àwùjọ tó ni ilẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà máa wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ìwé kan bá kan ọgbẹ́ tirẹ̀, pàápàá lórí ìwà ipá.

## Kí ni ọmọ yín máa kọ?

Wọn kò ní ní kó díbọ́n bí ọmọ Cree. Àròkọ tó ń tú ìwé palẹ̀ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, bíi ti kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì yòókù. Ewì lè wà níbẹ̀, ìròyìn lè wà níbẹ̀, ìjíròrò tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kan tún wọ́pọ̀: kí ọmọ kọ nípa ara rẹ̀, ilẹ̀ tó ti wá, ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ báyìí, àti ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn fún un. Ìlànà mẹ́sàn-án yẹn náà ló fa èyí, torí ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀kọ́ ń béèrè pé kí ọmọ wá ara rẹ̀ rí. Ọmọ tí kò mọ oríkì ilé rẹ̀ máa jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò ní rí ohun kọ. Bó bá wá bá yín, ẹ má sọ fún un pé iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò kàn yín. Ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù, kí wọ́n kì í, kí ọmọ gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà fún un, kó bi wọ́n léèrè èyí tó lè kọ jáde nínú rẹ̀ àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún ilé. Kó sì kọ orúkọ wọn sínú iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ ọ́ fún un.